Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Ọ̀fìnkìn Ọyẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú: inú ń bí mi. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n rọra sọ ọ́, kí n má pariwo. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ irú ìtàn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó dùn, kó lọ bá ẹlòmíràn.

Rafíátù ni orúkọ mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Kétu tí ẹ ń béèrè Rafíátù, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Ìyá Ọ̀fìnkìn ni kí ẹ béèrè. Láti ìgbà ọmọge mi títí di ìgbà tí orúnkún mi kọ̀ fún mi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe: mò ń tọ́jú àwọn tí ọyẹ́ ń bá jà. Ẹni tó ń sín láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣomi láìdúró, ẹni tí ojú rẹ̀ ń yún tó sì pọ́n kankan, ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń rìn ín bíi pé kòkòrò wà níbẹ̀. Ọyẹ́ á dé, eruku á bo ìlú, òdòdó kajú á tú nínú oko, wọ́n á sì tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, wọn ò ní mọ̀ mí mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Mo fi jẹun, mo fi tọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èmi fúnra mi ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí mo mọ̀. Abúlé Adakplamè, nítòsí Kétu, ni wọ́n bí mi sí, àgbẹ̀ ni bàbá mi. Gbogbo ọyẹ́ ni ojú mi máa ń wú débi pé n kì í lè là á tán láàárọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní ẹlẹ́kún. Àwọn àgbà tó yẹ kó ràn mí lọ́wọ́, wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n da nǹkan sí mi lójú lọ. Ìyá kan fún omi àlùbọ́sà sí i. Ẹlòmíràn fi kẹrosíìnì ra imú mi. Aládùúgbò wa kan wá sọ pé ẹnì kan ló ń ṣe mí láti ìdílé ìyá mi, ìyá mi sì sunkún títí. Gbogbo ìyẹn nítorí imú tó ń ṣomi! Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò lè bínú sí àgbà. Mo ti wá bínú sí wọn láti ìgbà yẹn, mo sì ti san gbogbo gbèsè ìbínú náà tán.

Nígbà tó sú bàbá mi, ó gbé mi sórí kẹ̀kẹ́, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Kpankou. Ìyá Kpankou ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ sì le ju ti ọkùnrin lọ. Wọ́n ní ó mọ ewé. Bàbá mi rò pé ó máa gbé ìkòkò kaná lójú ẹsẹ̀.

Ó wò mí lójú, ó wo ihò imú mi, ó wá kọjú sí bàbá mi.

"Ibo ni ọmọ yìí ń sùn?"

"Inú yàrá ni, ẹ̀gbọ́n mi. Níbi tí a kó àgbàdo sí."

"Ta ló ń gbá ibẹ̀?"

"Òun náà ni."

"Ṣé ó máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbá a?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, imú ni mo ní kí ẹ bá mi wò. Ẹ ń bi mí léèrè ìgbálẹ̀."

"Ṣé o rí i pé o ò gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ? Ọmọ tó ń sùn sínú eruku àgbàdo, tó tún ń jí láàárọ̀ láti gbá eruku náà símú, kí lo fẹ́ kí imú rẹ̀ ṣe? Kó máa kọrin? Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Máa lọ."

Ó se omi, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó jẹ́ kó tutù títí ó fi lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó ní kí n bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, kí n fà á símú, kí n fun ún jáde. Ìdọ̀tí tó jáde níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ó fi òrí ra ẹnu ihò imú mi yíká kí eruku lè máa lẹ̀ mọ́ ọn dípò kó wọlé. Ó rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, ó nà án lé ojú mi, ó ní tí mo bá fọwọ́ ra ojú yẹn, òun á dè mí lọ́wọ́. Ó wá tẹ́ ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fún mi ní yàrá tí kò sí ẹrù. Ewé kan ò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo jí, mo la ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rántí pé òrùn wà lára ògiri, mo sì ń wò ó.

Bí mo ṣe dúró tì í nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè bóyá mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ó kàn gbé ìkòkò lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n lọ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín le, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ìyá Kpankou máa ń gbóòórùn ìkòkò lẹ́yìn tí mo bá fọ̀ ọ́ tán. Tó bá gbóòórùn ewé àná, yóò dà á nù, màá tún un fọ̀. Tí mo bá po omi iyọ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ fà á símú. Tó bá ta mí, ó mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù, á ní kí n fa èyí tó kù tán kí n lè rántí. Mo rántí o! Títí dòní, ọwọ́ mi kì í ṣi iyọ̀ bù.

Ó mọ ewé lóòótọ́. Ó ń se koríko ọba pẹ̀lú ata ilẹ̀ fún ọ̀nà ọ̀fun, ó ń po oyin mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún àgbàlagbà tó bá ń wúkọ́, kì í sì í fún ọmọ ọwọ́ ní oyin rárá. Ó ń fi efínrín sínú omi gbígbóná kí ẹni tí imú rẹ̀ dí lè fa ooru rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú, kò jẹ́ kí ewé dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú obìnrin kan wá tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Èmi tí mo rò pé mo ti ń mọ̀ ọ́n ṣe, mo já efínrín, mo ń fún un sí àtẹ́lẹwọ́. Mi ò mọ ìgbà tí ìyá yìí dé ẹ̀yìn mi. Ó gbá ọwọ́ mi, ewé fò lọ sójú àgbàlá.

"Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni ojú yìí ni? Ta ló kọ́ ẹ níyẹn?"

"Ìyá, mo rò pé…"

"Má rò. Omi tó mọ́, aṣọ tó mọ́, ó tán. Tí ìyẹn ò bá ṣe é, kó lọ bá dókítà. Tí mo bá tún rí ewé lọ́wọ́ rẹ nítòsí ojú ẹnikẹ́ni, o ó padà sí Adakplamè."

Kò tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan ewé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bákan náà ló ṣe máa ń lé àwọn tí èémí wọn bá ń han, tí àyà wọn ń dún fíì fíì. Kò ní jẹ́ kí wọ́n jókòó. "Èyí kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kíá!" Àwọn kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn fi nǹkan díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ ná. Á ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ohun tó ṣòro jù ni pé ó máa ń lọ sílé àwọn èèyàn. Á lọ wo ibi tí wọ́n ń sùn. Á ní kí wọ́n gbé ewúrẹ́ kúrò nínú yàrá, kí wọ́n sá ìrọ̀rí olówùú sóòrùn kí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n gbé ààrò kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí èéfín má bàa wọlé. Àwọn obìnrin ń bú u. "A ní kó fún wa lóògùn, ó wá ń pè wá ní ọ̀bùn!" Wọ́n á bú u tán, wọ́n á ṣe ohun tó wí, ara wọn á yá, wọn ò sì ní dúpẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ò ní ìyìn. Tí èèyàn bá fún ẹni tó ń sín ní ewé kíkorò tó jẹ́ kó bì, á bọ̀wọ̀ fún un. Tí ẹ bá ní kó wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, á ní ẹ ò mọ nǹkan kan.

Mo lọ́kọ, mo kó wá sí Kétu, mo kọ́ àtíbàbà mi sí ẹ̀yìn ọjà, nítòsí ọ̀nà tó lọ sí Nàìjíríà. Ìkòkò amọ̀ tí Ìyá Kpankou fún mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ra abọ́ tánganran, lẹ́yìn náà ìkòkò onírin, lẹ́yìn náà fìláàsì tó ń mú omi gbóná dúró, a sì ti ń fi gáàsì dáná báyìí. Kò sí èyí tó bí mi nínú níbẹ̀. Ohun tó dára, ó dára. Àrùn kan wá lẹ́nu àìpẹ́ yìí tí gbogbo ayé fi ń fi aṣọ bo imú. Nígbà tó lọ tán, mo ní kí àwọn ọlọ́kadà wa, àwọn tí à ń pè ní zémì, máa bò ó lọ nínú ọyẹ́. Àwọn tó gbọ́ ń sun oorun. Àwọn tí kò gbọ́ máa ń wá sọ́dọ̀ mi láti ojú ọ̀nà pẹ̀lú ìpéǹpéjú pupa bíi ti ẹni tó yí nínú iyẹ̀pẹ̀. Àwọn kámíọ̀ akẹ́rù ń kọjá, eruku ń gbéra, ẹnikẹ́ni ò wọ́n omi sójú ọ̀nà náà rí. Ìyẹn náà ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọkùnrin tó lóye ni. Ó wá jókòó lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó ń wo bí mo ṣe ń ṣe é.

"Ìyá, omi iyọ̀ yín dára," ó ní. "Àwa náà ń lò ó. Ẹ kàn rí i pé ó hó dáadáa kó tó tutù, torí ibi tó ń lọ nínú orí kò gba ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ooru yìí, ẹ má ṣe é fún ọmọdé mọ́. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tí ìkòkò dà lé lórí wá sọ́dọ̀ wa."

Mo bá a jiyàn. Mo ní kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi rí.

"Lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin wà nídìí ìkòkò. Tí wọ́n bá délé ńkọ́?"

Mo ronú sí i, mo rí i pé òótọ́ ni, mo jáwọ́. Òun náà ló sọ fún mi pé àléríjì ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá mi. Ó ní ara wọn ló kórìíra eruku, ara ẹlòmíràn kórìíra òdòdó igi, kò sì sí ohun tó lè mú un kúrò pátápátá. Èèyàn kàn lè máa dín in kù ni. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, torí òun ló fa gbogbo ohun tó wá ṣẹlẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Fèlísítì. Aránṣọ ni. Kò sí irú rẹ̀ ní Kétu nígbà náà. Tó bá rán aṣọ fún ọ, wàá fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọn ò pè ọ́ sí. Ẹgbẹ́ ni wá, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ni ọyẹ́ ń bá jà. Ọdọọdún ni ojú náà ń yún un débi pé á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí màṣínì, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á. Á wá sọ́dọ̀ mi, màá nu ojú rẹ̀, màá fi aṣọ tútù lé e, màá tún lọ gbọ̀n àkísà aṣọ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ torí fúlùfúlù ara aṣọ ń dá kún un. Ó ń dín kù. Kò tán.

"Rafíátù," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "ọdọọdún ni mò ń wá, ọdọọdún ni o ń fún mi lómi. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ṣé kò dín kù ni?"

"Mi ò fẹ́ kó dín kù. Mo fẹ́ kó tán."

Ọyẹ́ ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ kan wọ ọjà wa, tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lérí. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà. Ó tẹ́ tábìlì, ó to ìgò kéékèèké sórí rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ojú sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó gbé míkírò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. "Ojú tó ń yún, ojú tó pọ́n, ojú tó ń ṣomi! Ẹ̀kán méjì péré! Ó tán!" Ó pe ẹnì kan jáde tí ojú rẹ̀ pọ́n, ó kán an sí i, ó ní kó lọ kó padà wá lọ́sàn-án. Nígbà tó padà dé, ojú náà ti ń funfun. Ọjà dà rú. Wọ́n ń ti ara wọn.

Mo dé iwájú tábìlì náà. Mo béèrè pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Oògùn ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé oògùn ni. Oògùn wo? Kò sí orúkọ kankan lára ìgò yìí."

Ó fi míkírò sẹ́nu kí gbogbo ọjà lè gbọ́. "Ẹ gbà mí o! Ìyá tó ń ta omi ń bẹ̀rù pé ọjà òun fẹ́ kú!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí mo ti tọ́jú ọmọ wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ pé ìlara ni. Ọkùnrin tó ń pín àyè ìtajà nínú ọjà gbá mi léjìká, ó ní kí n lọ jókòó sídìí ìkòkò mi.

Fèlísítì wà nínú àwọn tó rà á. Mo lọ bá a nílé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú sí i, mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìgò náà lọ fi han nọ́ọ̀sì. Ó la ojú sí mi. Ojú náà mọ́ gaara, kò pọ́n níbì kankan.

"Wò ó," ó ní. "Wò ó dáadáa. Ṣé omi rẹ ṣe báyìí rí?"

Lóòótọ́, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Kò fi mọ sí ọyẹ́ nìkan. Gbogbo ìgbà tí ojú bá ti yún un díẹ̀, á kán an. Ó ń rà á pamọ́ nígbàkigbà tí ọkọ̀ náà bá wá. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń ránṣọ, ó sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Títí di ọjọ́ tí oníbàárà kan gbé aṣọ padà wá pé ìránṣọ rẹ̀ wọ́. Fèlísítì bú obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbá ilẹ̀kùn. Ó ní òun kò kíyè sí i ni. Ó ń kọlù ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mọ́níìkì ọmọ rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú ẹkún: "Ìyá, màmá ní iná ní òṣùmàrè yíká. Wọn ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, iwájú nìkan ni wọ́n ń rí."

Èmi àti Mọ́níìkì la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ojú yẹn ọmọbìnrin ni, kò tíì dàgbà. Ó wo ojú Fèlísítì pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó béèrè ohun tó ń kán sójú. Mọ́níìkì yọ ìgò náà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e sórí tábìlì.

Ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní oògùn tó lágbára gan-an ló jọ pé ó wà nínú rẹ̀, àwọn dókítà ń lo irú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ojú náà. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, omi inú ojú á máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ, á máa pa á díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í mọ̀.

"Ṣé ó máa padà?" Fèlísítì béèrè.

"Èyí tó kù, a máa gbìyànjú ká dá a dúró. Èyí tó ti lọ, Ìyá, kò lè padà mọ́."

Fèlísítì ò sunkún. Ó kàn ń na ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀, ó ń gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń wo ibi tí ọwọ́ náà ti pòórá. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ojú ọ̀tún kú pátápátá. Ti òsì ṣẹ́ ku ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹni tó ń yọjú láti inú ihò. Kò lè fi okùn sínú abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ta màṣínì náà.

Ọyẹ́ dé. Ẹ gbọ́ o: ọkọ̀ yẹn tún padà wá. Ọkùnrin kan náà, kóòtù kan náà. Ó kàn yí àwọ̀ bébà ara ìgò padà ni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú àtíbàbà mi: "Ó tán! Ó tán!" Mo pa iná, mo so gèlè mi le, mo jáde.

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mo gbá tábìlì náà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìgò fọ́ káàkiri. Mo já míkírò gbà, mo ń sọ ohun tó ṣe Fèlísítì aránṣọ fún gbogbo ọjà, ohùn mi ń dún lókè bí ti ẹni tó ya wèrè. Mo sọ ohun tí dókítà wí. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìgò yìí nílé gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì lónìí. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n dì mí mú, wọ́n fà mí lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, aṣọ mi ya.

Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ní kó tọrọ àforíjì? Èmi ni. Wọ́n ní mo ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga, wọ́n fún un lómi mu. Mo ní mi ò ní tọrọ nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ọkọ mi ló wá ń bẹ̀ wọ́n, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà fi ọ̀rọ̀ tó àwọn ọ̀gá rẹ̀ létí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ọkọ̀ ti gbéra. Wọ́n ní ó ti wà ní ọjà mìíràn, mi ò mọ ibẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni èyí: nígbà tí wọ́n ń fà mí lọ, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn èèyàn tó tẹ̀ ba, tí wọ́n ń ṣa àwọn ìgò tí kò fọ́. Wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ. Wọ́n mọ Fèlísítì. Wọ́n ń ṣà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú, yálà ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá, yálà ìdí ìkòkò bíi tèmi, ẹ má retí pé wọ́n á gbọ́ tiyín nítorí pé òótọ́ lẹ ń sọ. Ẹni tó ń jìyà fẹ́ kí ìyà tán. Ẹni tó bá lè purọ́ fún un pé ó tán ni yóò tẹ̀ lé. Ẹ máa sọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ títí ohùn yín á fi há.

Nígbà tí orúnkún mi dùn mí jù, mo gbé àtíbàbà náà fún ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì wá ní kí n máa wá sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ nígbà ọyẹ́, kí n máa bá àwọn ìyá tó ń dúró de dókítà sọ̀rọ̀. Mo ń lọ. Mò ń pariwo mọ́ wọn, wọ́n sì ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń bẹ Fèlísítì tipẹ́ pé kó bá mi lọ. Ó ń kọ̀. "Èmi kì í ṣe àwòrán tí o máa gbé dání káàkiri."

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo wà níbẹ̀, mò ń po omi iyọ̀ sínú abọ́, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Mọ́níìkì ló di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Mi ò ránṣẹ́ pè wọ́n. Fèlísítì fọwọ́ wá bẹ́ńṣì, ó jókòó láàárín àwọn obìnrin. Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mo sọ̀rọ̀ omi tó hó tó tutù, mo sọ̀rọ̀ òrí, aṣọ tútù, ẹní tí wọ́n sá sóòrùn, ìgbálẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ́n omi sí. Ọmọge kan tó gbé ọmọ pọ̀n ń fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀. Ó dá mi lẹ́nu dúró.

"Ìyá, ẹ má bínú. Gbogbo èyí tí ẹ ń sọ, ó ń dín in kù. Àbí? Èwo gan-an ló ń jẹ́ kó tán?"

Ìbínú ti ń gùn mí. Mo la ẹnu. Fèlísítì ló ṣáájú mi. Ó kọjú síbi tó ti gbọ́ ohùn náà.

"Èmi ra èyí tó ń jẹ́ kó tán, ọmọ mi," ó ní. "Ó tán lóòótọ́. Kò yún mí mọ́. Sún mọ́ mi, kí n lè mọ bí ojú rẹ ṣe rí."

Ọmọge náà wò ó, ó wá rí ojú tó ń wo ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ dípò òun. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Fèlísítì gbé ọwọ́ méjèèjì, ó rọra fi ìka kan ìpéǹpéjú rẹ̀ tó wú, ó sì na ọwọ́ sí mi láìwẹ̀yìn.

"Rafíátù, rẹ aṣọ wá."

Mo rẹ ẹ́. Mo fún un gbẹ, mo fi lé e lọ́wọ́.